Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin adájọ́ àríyànjiyàn lórí fóònù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí tábìlì adájọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Kéèyàn jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó máa gbọ́ orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ ti mọ orí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kí n tó dárúkọ rẹ̀: ‘Ó yẹ kí wọ́n fòfin de fóònù nílé ẹ̀kọ́.’ Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, a jẹ́ pé ‘Àǹfààní fóònù pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ’ ni. Ọdún ń gorí ọdún, orí ọ̀rọ̀ ò yẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sọ ọ́ nìkan ló ń dàgbà.

Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò fún yín.

Níbi ìdíje kan tí mo ti ṣe adájọ́, ọmọbìnrin kan dìde láti gbè lẹ́yìn òfin náà. Kò kí alága, kò kí olùṣọ́ aago. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa fóònù kan yọ, ó gbé e sókè, ó wá dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn bá a dákẹ́. Mo ti ka oókan dé ẹ̀ẹ́sàn-án lọ́kàn mi kó tó lanu. Ó ní, ‘Ẹ wo ojú rẹ̀.’ Ojú fóònù náà ti sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn. ‘Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Ó ń wakọ̀ bọ̀ wálé, ó sì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà: “O ti dé?” Èmi ni mo fi ránṣẹ́.’

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi ‘èmi’ yẹn. Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì wa, níwájú mi gan-an, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, ‘Fóònù mélòó ló tún gbọ́dọ̀ fọ́ kí ẹ tó fòfin dè é?’ Ó lọ jókòó. Àkókò rẹ̀ kò tíì tán.

Ẹ̀yin ará mi, omi lé sí mi lójú. Mo fún un ní 38 nínú 40.

Ọmọkùnrin tó tako òfin náà ló kàn. Ìwé ló ń kà, kò gbójú sókè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òótọ́ ni, fóònù máa ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì, òun ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ó wá mẹ́nu ba ìwádìí méjì tí àbájáde wọn kò bára mu, ó mẹ́nu ba ìwádìí kẹta tí pòtétò wà nínú rẹ̀, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fóònù wà nínú àpò, kó má wà lórí tábìlì. Mo fún un ní 25. Ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ sétí ìwé tirẹ̀ pé: ‘Kò ní ìtara.’

Nígbà tó di alẹ́, mo mú ìwé máàkì mi jáde. Àyè mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: ìdúró, èdè, ẹ̀rí, ìyíniléròpadà. Mo wo abẹ́ ‘ẹ̀rí’ ti ọmọbìnrin náà. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ ni ‘ẹ̀gbọ́n rẹ̀’. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo sì fi 10 sí.

Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò. Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Inú ọkọ̀ ló wà, kì í ṣe inú kíláàsì. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kan kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wakọ̀ lójú títì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́, ọmọ tó ti délé ló fi í ránṣẹ́, nítorí ẹni tó wà nílé, tó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń béèrè pé ‘O ti dé?’ Ẹ gbé òfin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún yẹn kalẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú jàǹbá náà, jàǹbá náà yóò ṣì ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ka gbólóhùn yìí fún ìyàwó mi, ó ní mo níkà nínú. Bóyá. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ò yí padà: ìtàn náà kò sọ ohunkóhun nípa fóònù nílé ẹ̀kọ́.

Ohun tó tilẹ̀ jọ mí lójú ni pé ẹ̀rí gidi wà fún ìtàn rẹ̀, bó bá jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ mìíràn la ń jà lé lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù súnmọ́ jàǹbá tó ìlọ́po mẹ́rin ẹni tí kò lò ó. Bí orí ọ̀rọ̀ wa bá jẹ́ ‘Ó yẹ kí awakọ̀ máa pa fóònù rẹ̀’, ǹ bá fún ọmọ náà ní 40, ǹ bá tún dìde fún un. Ẹ̀rí lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó má sì kan ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yíni lérò padà lórí fóònù, èyí ló máa ń mú wa jù, torí pé ‘fóònù’ tó wà nínú ìtàn àti ‘fóònù’ tó wà nínú orí ọ̀rọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Mi ò sọ pé ohun tí ọmọ náà ṣe burú. Iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ tún un wò: ó kó ohun tí ojú lè rí wá ṣáájú ohun tí etí máa gbọ́. Ó fi ìdákẹ́jẹ́ gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wa. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi, ta ló sì lè bá ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀bi jiyàn? Ó wá fi ìbéèrè pèsìjẹ ṣe ìparí, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò lè dáhùn pé ‘mẹ́ta’ tàbí ‘mẹ́rin’, tí ‘ẹ’ inú rẹ̀ sì sọ àwa adájọ́ di aṣòfin tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Gbogbo rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Bó bá jẹ́ pé ọnà nìkan là ń fún ní máàkì, 38 kéré.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ti pín ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ wọni létí sí mẹ́ta: irú ẹni tí a gbà pé olùsọ̀rọ̀ jẹ́, bó ṣe mú kí ó rí lára olùgbọ́, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìwà, ìmọ̀lára, làákàyè. Àwọn tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ fún wọn ní àròkọ kan lórí fóònù, wọ́n á fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìmọ̀lára, wọ́n á fi búlúù fàlà sábẹ́ làákàyè, ó tán. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè tó kàn: ìmọ̀lára yìí, kí ló ń gbé lọ sí ibo? Iye yìí, ṣé ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní ó ń wí ló ń wí? Mímọ orúkọ ọgbọ́n kan kò tíì sọ fún wa bóyá wọ́n fi tàn wá ni àbí wọ́n fi là wá lóye.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ìmọ̀lára nìkan ló ń tanni. Iye, ìyẹn nọ́ńbà, ń wọ kóòtù funfun ni, a sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un kí á tó béèrè orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí mi ò lè kà tán: ‘Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé fóònù lè fa àrùn jẹjẹrẹ.’ Kò sí irọ́ níbẹ̀ tán, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, èyí tó wà ní ìlú Lyon, fi ìgbì rédíò irú èyí tí fóònù ń lò sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní 2B. Ìtumọ̀ ìsọ̀rí yẹn ni pé ó ṣeé ṣe, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni wọ́n fi ń pín ìsọ̀rí wọ̀nyẹn. Kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó. Inú ìsọ̀rí 2B yìí náà ni wọ́n fi omi tí wọ́n fún látinú odindi ewé aloe vera sí. Kò sí ọmọ tó tíì gbé ewé aloe vera wá sórí tábìlì wa kó ní ká fòfin dè é.

Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àjọ ńlá ló kọ́kọ́ wọlé, ìyẹn ọ̀nà ìwà: ta ni èmi tí màá bá Àjọ Ìlera Àgbáyé jiyàn? Ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ọ̀nà ìmọ̀lára. Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé gbogbo òótọ́ inú rẹ̀, ‘lè’, wá sá pamọ́ sáàárín méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lóye ohun tó kà, ẹ ní kó ṣàlàyé ‘lè’ yẹn fún yín. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan dáhùn, ó sì dáhùn dáadáa. Èkejì ní kí n béèrè lọ́wọ́ àjọ náà.

Ó yẹ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin mi, torí pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí. Ìwádìí pòtétò tó mẹ́nu bà, mo ti wá a kàn. Ọdún 2019 ló jáde, àwọn onímọ̀ méjì ní Oxford ló ṣe é, wọ́n sì gba dátà àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 350,000 wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé lílo ẹ̀rọ ìgbàlódé àti àìbalẹ̀ ọkàn àwọn ọ̀dọ́ tan mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn tó so wọ́n pọ̀ tín-ín-rín: kò ju ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀dọ́ kan àti èkejì. Wọ́n fi wé àwọn nǹkan mìíràn. Jíjẹ pòtétò déédéé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Lílo awò ojú tilẹ̀ ju ú lọ.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Àfiwé tó pani lẹ́rìn-ín máa ń sọ ẹ̀rù di yẹ̀yẹ́ kéèyàn tó ráyè rò ó. Pòtétò náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe ju òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí mo bá tẹ́tí sí ọmọ náà bó ṣe yẹ, mo yẹ kí n ti bi í pé: ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ìwádìí yìí ń wọ̀n, ẹ̀kọ́ kọ́, ẹ̀rọ oríṣiríṣi ló sì kó pọ̀ sójú kan, tó fi mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Báwo ló ṣe kan fóònù nínú kíláàsì? Òun náà gbé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ wá sídìí ẹjọ́ ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé tirẹ̀ kò pa mí lẹ́kún, mo sì fìyà ìyẹn jẹ ẹ́.

Ìwádìí méjì yòókù ni ojúlówó. Ọ̀kan jáde láti ilé ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ti London lọ́dún 2015. Ilé ẹ̀kọ́ 91 ní ìlú mẹ́rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò, kí wọ́n tó fòfin de fóònù àti lẹ́yìn rẹ̀. Àbájáde ìdánwò gòkè díẹ̀, àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún ló sì jàǹfààní jù. Àwọn tó mọ̀wé dáadáa kò jèrè, wọn ò pàdánù. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe irú ìwádìí náà ní Sweden. Wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀rí tó kàn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn: ilé ẹ̀kọ́, fóònù, òfin, èsì ìdánwò. Kò sí omijé nínú rẹ̀, kò sí pòtétò. Ọmọ náà mú méjèèjì wá, èyí tó gbè é àti èyí tí kò gbè é. Ọmọ ọdún mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àgbà mélòó?

Àwọn tó ń wá àtìlẹ́yìn máa ń sá lọ sọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. ‘Faransé ti ṣe é lọ́dún 2018. Brazil ti ṣe é ní oṣù kìíní ọdún 2025. Kí la ń dúró dè?’ Òótọ́ ni, àwọn méjèèjì ti ṣòfin. Àwọn tó wà ní òdìkejì náà ní tiwọn: UNESCO, àjọ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2023 pé iye orílẹ̀-èdè tó fòfin de fóònù nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà ‘ọ̀pọ̀ ayé kò fọwọ́ sí i’. Kíka orí làwọn méjèèjì ń kà. Kí ọ̀pọ̀ èèyàn tọ ọ̀nà kan kò sọ fún wa bóyá ọ̀nà náà já. Bí ọmọ kan bá sọ pé Faransé ṣòfin, ẹ bi í ohun tó yí padà ní Faransé lẹ́yìn òfin náà. Bó bá ní òun ò mọ̀, kò sí ìjà. A kàn mọ̀ pé àgbò tó ń tẹ̀ lé agbo ni gbólóhùn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ orúkọ sọ́tọ̀ díẹ̀, torí pé inú èdè tiwa ló ti ń ṣe mí jù. Ọmọ tó bá pe fóònù ní ‘oògùn olóró inú àpò’ ti dájọ́ kó tó rojọ́. Ẹni tó bá pè é ní ‘ìmọ̀ ayé lórí àtẹ́lẹwọ́’ náà ti dá tirẹ̀. ‘Ẹrú fóònù’, ‘ìran tó sọnù’, ‘ìlọsíwájú’, gbogbo wọn ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rí ì bá jẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi ‘fóònù’ lásán rọ́pò orúkọ náà nínú ìwé mi, màá wá tún gbólóhùn náà kà. ‘Oògùn olóró inú àpò ń ba ọjọ́ ọ̀la wa jẹ́’ á di ‘Fóònù ń ba ọjọ́ ọ̀la wa jẹ́’. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀? Ìbéèrè á wá jáde fúnra rẹ̀: báwo?

‘Wa’ yẹn náà ń ṣiṣẹ́. ‘Ọjọ́ ọ̀la wa’, ‘àwọn ọmọ wa’, ‘gbogbo wa la mọ̀ pé…’ Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ‘gbogbo wa la mọ̀’, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí ti tán.

Ẹ jọ̀ọ́, òwe ńkọ́? A kì í fún òwe ní máàkì lábẹ́ ẹ̀rí, abẹ́ èdè la ń fi í sí, àmọ́ ẹ̀rí ló ń bá wa ṣe. Ọmọ á sọ pé, ‘Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè dìde dúró kó má rí i,’ gbogbo orí funfun tó wà nínú gbọ̀ngàn á mì. Ó ti gba agbádá bàbá ńlá rẹ̀ wọ̀, ta ló máa bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀? Àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè sọ pé, ‘Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.’ Òwe kan ti òwe kejì ṣubú, a ò sì tíì mọ nǹkan kan nípa fóònù. Mo fẹ́ràn òwe, ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fi òwe lalẹ̀ ọ̀rọ̀, tó wá fi ẹ̀rí tẹ̀ lé e, mo gbà fún un. Èyí tó fi òwe tilẹ̀kùn ni mo ń bá wí.

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn fóònù ní ìtàn kan tí wọn kì í fi sílẹ̀: pé láyé àtijọ́, Socrates, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì mìíràn, bẹnu àtẹ́ lu ìwé kíkọ, ó ní yóò sọ iyè èèyàn di ahoro. Ìwé ò pa wá, wọ́n ní, nítorí náà fóònù ò ní pa wá. Ìtàn náà fìdí múlẹ̀, Plato, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló kọ ọ́ sílẹ̀ (ẹ wo ẹ̀fẹ̀: ìwé la fi mọ̀ pé ó kórìíra ìwé). Ṣùgbọ́n pé ẹ̀rù kan kò ṣẹ nígbà kan kò sọ pé ẹ̀rù mìíràn kò ní ṣẹ nígbà mìíràn. Àwọn ẹ̀rù tó ṣẹ, kò sẹ́ni tó ń kó wọn wá síbi àríyànjiyàn. Àríyànjiyàn lórí fóònù pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ ṣá. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1973, nígbà tí Martin Cooper ti ilé iṣẹ́ Motorola fi fóònù àfọwọ́gbé pe èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ìgboro New York, ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló pè. Joel Engel, onímọ̀ tó ń bá a du iṣẹ́ náà ní ilé ìwádìí Bell Labs, ló pè, kó lè mọ̀ pé òun ti gba iwájú rẹ̀ lọ. Ìpè àkọ́kọ́ gan-an, ìfọ́nnu ni.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ… bẹ́ẹ̀ ni, ‘ẹ má gbọ́ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́.’ Mo gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà panu mọ́ títí tó fi jókòó. Bí èèyàn bá ní èrè nínú ọ̀rọ̀, ó yẹ ká tún ẹ̀rí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ àwa gbọ́dọ̀ tún un wò o. Ibi iṣẹ́ bàbá ẹni kò lè sọ 0.4 di 40.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘fóònù tàbí ẹ̀kọ́, ẹ yan ọ̀kan’. Ta ló ní méjì péré ló wà? Ọmọkùnrin mi ti mú ìkẹta wá: inú àpò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀, ‘òótọ́ ni, fóònù máa ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́’, àìlágbára la pè é. Ẹlẹgbẹ́ wa tó kọ ‘kò ní ìtara’ gbà pé ẹni tó bá ti gba ibì kan fún alátakò ti fìdí rẹmi. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti jókòó pẹ́ tó báyìí láì rí i pé ìyẹn ni ọgbọ́n tó ṣòro jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbà fún ọ níbi tí o ti jàre, wàá gbọ́ ọ níbi tí o ti jẹ̀bi. Ọ̀nà ìwà tí Aristotle ń sọ gan-an nìyẹn, kì í ṣe ohùn tó ń gbọ̀n. Ó tún ní àǹfààní kan tí omijé kò ní: èèyàn kò lè ṣe é láì mọ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọmọbìnrin wa kò dárúkọ àǹfààní fóònù kan ṣoṣo. A kò sì bi í.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àyè kan kún ìwé máàkì, kí ó ṣáájú gbogbo yòókù. Kí olùsọ̀rọ̀ tó padà dé ìjókòó rẹ̀, kí adájọ́ kọ ohun tí ọmọ náà ní ká gbà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, láìsí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, láìsí àfiwé. Kó wá kọ ẹ̀rí tó kan gbólóhùn yẹn gan-an sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìyẹn tán ni kó tó fún èdè, ìdúró àti ìyíniléròpadà ní máàkì wọn, kó sì fún wọn tọkàntọkàn. Mo ti dán an wò pẹ̀lú ìwé àtijọ́ mẹ́tàlá tó wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ṣófo nísàlẹ̀, mo sì rí i pé mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án yẹn ni mo fún ní ju 30 lọ.

Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ sọ àríyànjiyàn di kóòtù, pé ayé gidi kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá máa polówó nǹkan tàbí tó máa gba ìbò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkàn. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ká yọ àyè ìyíniléròpadà kúrò. Àmọ́ àwọn ọmọ tó jókòó láti gbọ́ ju àwọn tó dúró láti sọ lọ, àwọn ni máàkì tí a bá fún ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí a kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n wá fóònù tó ti sán.

Mo ti bá àwọn tó ṣètò ìdíje náà sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè yí máàkì padà mọ́, mi ò sì ní kí wọ́n yí i. Mo bá tíṣà ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀, mo ní kó bá mi sọ fún un pé adájọ́ tó jókòó lápá òsì ti lọ ka ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ní ìbéèrè kan nípa ti pòtétò. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ti mọ ìbéèrè ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ìdíje tó ń bọ̀ ti súnmọ́, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èmi yóò mú ìwé máàkì tí mo fọwọ́ ara mi tún là wá. Ẹ̀dà rẹ̀ yóò kárí gbogbo yín. Ẹni tí kò bá gbà kó jọ̀ọ́ kọ ìdí rẹ̀ sí mi kó tó dọjọ́ náà, kó sì fi ẹ̀rí tì í.

Èmi ni tiyín,
ẹni tó fún ‘ẹ̀gbọ́n rẹ̀’ ní 10